Oògùn tó ń mú eyín hù: kí ni ọ̀nì, erin àti ọ̀yà ní tí àwa kò ní?

Láti ìgbà tí ìròyìn ti jáde pé àwọn dókítà ní Japan ń dán oògùn kan wò tó lè mú eyín tuntun hù lẹ́nu àgbàlagbà, ariwo ọ̀rọ̀ náà kò tíì rọlẹ̀ lórí ayélujára. Àwọn kan ń pín in kiri pé oògùn náà ti wà lórí àtẹ. Àwọn kan ní kí ẹni tí eyín rẹ̀ ká má náwó sórí eyín àtọwọ́dá mọ́, kó dúró de tuntun. Àwọn mìíràn sì ń béèrè pé: bí ọ̀nì bá lè máa pààrọ̀ eyín ní gbogbo ayé rẹ̀, kí ló dé tí ènìyàn kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló gbé ìdáhùn àwọn yòókù dání. Ẹni tó bá mọ bí eyín ṣe ń dé ẹnu ẹranko yóò mọ ohun tí oògùn Japan lè ṣe, yóò sì mọ èyí tí kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

## Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní Japan?

Ní oṣù Kẹwàá 2024, ìdánwò oògùn kan tí wọ́n ń pè ní TRG-035 bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Kyoto. Ọkùnrin 30 tí ara wọn le ni ìdánwò náà wà fún. Ọjọ́ orí wọn gbọ́dọ̀ wà láàárín 30 sí 64, ó kéré tán eyín ẹ̀yìn kan sì gbọ́dọ̀ ti ká lẹ́nu oníkálukú wọn. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà fa oògùn náà sí ara. Kì í ṣe oníhóró tí à ń gbé mì, kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi pa erìgì. Ilé iṣẹ́ tó ni ín ni Toregem BioPharma, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kyoto ní 2020. Ẹni tó ṣáájú ìwádìí náà ni Takahashi Katsu, olórí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní ilé ìwòsàn Kitano ní Osaka, tó ti ń lépa ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1990.

Ibí ni àṣìgbọ́ àkọ́kọ́ ti wọlé. Ipele kìíní ìdánwò oògùn kì í ṣe láti mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wà fún ni láti mọ̀ bóyá oògùn náà léwu, àti ìwọ̀n tí ara lè gbà. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé "wọ́n ti fún ènìyàn 30", kò túmọ̀ sí pé eyín ti hù lẹ́nu ènìyàn 30. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ipele tó tẹ̀ lé e kàn ni àwọn ọmọ ọdún 2 sí 7 tí eyín mẹ́rin ó kéré tán kò sí lẹ́nu wọn láti inú oyún wá. Àwọn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n torí wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n ń bí láìní eyín mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọdé tí àgbọ̀n rẹ̀ ṣì ń dàgbà kò sì lè lo eyín tí wọ́n fi irin gún mọ́ egungun.

Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn fẹ́ kí oògùn náà wà lọ́jà ní 2030. Àfojúsùn tiwọn nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí ìjọba Japan ti fọwọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta ìgò tàbí páálí kan lónìí pé oògùn ahueyín láti Japan ni, kì í ṣe òun.

## Kí ni oògùn náà ń ṣe nínú ara?

Kì í gbin eyín. Bíréèkì ló ń tú.

Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, awọ tín-ín-rín kan máa ń wọnú erìgì lọ, ó sì máa ń tẹ̀ lé ìtẹ̀síwájú àgbọ̀n láti ọ̀tún dé òsì. Dental lamina ni àwọn onímọ̀ ń pè é. A ó máa pè é ní ẹ̀bù eyín nínú àlàyé yìí, nítorí iṣẹ́ tí ẹ̀bù iṣu ń ṣe nínú ebè ló ń ṣe: ara rẹ̀ ni èéhù ti ń yọ, èéhù kọ̀ọ̀kan ló sì ń di eyín. Ara ènìyàn ní àwọn èròjà tó ń sọ fún èéhù pé kó máa dàgbà lọ. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni BMP. Ara tún ní èròjà tó ń dá a dúró, tí wọ́n ń pè ní USAG-1. Bí USAG-1 bá dì mọ́ BMP, èéhù kò ní rí àṣẹ gbà mọ́, yóò sì kú síbẹ̀.

Ní 2007 ni ẹgbẹ́ Takahashi fi hàn pé èkúté tí a bí láìní USAG-1 máa ń ní eyín tó lé ní iye tó yẹ. Èéhù tó yẹ kó kú ló yè. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rò ó pé, bí a bá rí ohun tó lè mú USAG-1 so, àbájáde kan náà ló yẹ ká rí. Ohun tí wọ́n lò ni àńtíbọ́dì, irú èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe láti fi di àìsàn mú, ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣe èyí ní pàtó kó lè di USAG-1 mú.

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. USAG-1 ń dí BMP lọ́wọ́, ó sì tún ń dí èròjà mìíràn tó ń jẹ́ Wnt lọ́wọ́. Àwọn àńtíbọ́dì tó tú méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mú kí iye ọmọ èkúté tó ń wáyé láàyè dínkù gan-an. Èyí tó tú BMP nìkan sílẹ̀ ni wọ́n wá yàn. Ní 2021, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science Advances: abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti mú odidi eyín jáde lẹ́nu èkúté. Wọ́n tún dán an wò lára ferret, ẹranko kékeré ajẹran kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, eyín iwájú kan sì hù sí i. Ferret ṣe pàtàkì ju èkúté lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìran eyín méjì ni òun náà ń ní bíi tiwa. Èkúté kì í ká eyín rárá. Èyí tó bá hù lẹ́nu rẹ̀ ló máa bá a dọjọ́ alẹ́.

## Ṣé ohun kan náà ni "eyín ń hù padà" lára gbogbo ẹranko?

Rárá o, ibí sì ni ọ̀pọ̀ fídíò ti ń da omi pọ̀ mọ́ epo. Ọ̀nà mẹ́ta tí kò jọra ni ẹranko fi ń bọ́ lọ́wọ́ eyín tó gbó. Àwọn kan ń pààrọ̀: eyín àtijọ́ á bọ́, tuntun á gba ipò rẹ̀. Àwọn kan kì í pààrọ̀ ohunkóhun, eyín kan náà ló ń gùn láti ìdí bó ti ń jẹ lórí. Àwọn kan sì wà tí eyín tuntun ń ti ẹ̀yìn àgbọ̀n sún wá sí iwájú, tó ń ti ti àtijọ́ jáde.

Ọ̀nà kìíní nìkan ni oògùn Japan ń gbìyànjú láti jí dìde.

## Báwo ni ọ̀nì ṣe ń ṣe é?

Ẹnu ọ̀nì ni àwọn onímọ̀ ń wò jù, ìdí kan sì wà fún un. Eyín ẹja shark kò wọnú egungun, orí awọ ló dúró lé. Eyín ọ̀nì ní tirẹ̀ wà nínú ihò egungun bíi tiwa, iṣan tó dì í mú sì wà láàárín òun àti egungun bíi tiwa. Bí a bá fẹ́ mọ bí eyín tó fìdí múlẹ̀ ṣe lè kúrò kí òmíràn sì bọ́ sí ihò kan náà, ọ̀dọ̀ ọ̀nì ló yẹ ká lọ.

Ní 2013, ẹgbẹ́ kan ní University of Southern California, tí Ping Wu àti Cheng-Ming Chuong wà nínú rẹ̀, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí alligator, ìbátan ọ̀nì tó wà ní Amẹ́ríkà. Eyín rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 80, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè pààrọ̀ tó ìgbà 50 láyé rẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ohun tí wọ́n rí nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni mẹ́ta: eyín tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, eyín kékeré tó ti ń dàgbà lábẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀bù tó ṣì wà láàyè níbi ìdí wọn. Ẹ̀bù yìí ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ nínú, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́, tó ń sùn títí tí eyín òkè yóò fi bọ́.

Bí àsìkò bá tó, eyín kékeré náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tì láti apá ibi ahọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á máa jẹ gbòǹgbò eyín àtijọ́ títí ó fi máa di koto, tuntun á wọ abẹ́ koto náà, yóò sì gbé e jáde. Ẹni tó bá ti mú eyín ọmọ ọdún mẹ́fà dání lẹ́yìn tó ká yóò ti rí i pé kò ní gbòǹgbò mọ́. Iṣẹ́ kan náà ni. Ìyàtọ̀ kan ni pé lẹ́nu ọmọ, lẹ́yìn tí ìran kejì bá ti dé, ẹ̀bù á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á sì rà. Lẹ́nu ọ̀nì, ó ń wà níbẹ̀ de ìran tó kàn.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò yẹ ká fò. Eyín ọ̀nì kì í bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kì í sí ní ipele kan náà, kí ẹnu má baà ṣófo níbì kan. Bí ẹranko náà bá sì ti ń darúgbó, ìpààrọ̀ ń falẹ̀.

## Àwọn ẹja àti àwọn tí a ń bá gbélé ńkọ́?

Ẹja shark kan lè lo eyín tó tó 30,000 láyé rẹ̀. Eyín wọn tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ọ̀wọ́ ẹ̀yìn ń yí bọ̀ wá síwájú bí ẹní ń tẹ́ ẹní. Lára irú èyí tí wọ́n ń pè ní nurse shark, omi tútù ń mú kí ìpààrọ̀ falẹ̀: ọ̀wọ́ eyín tó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lè gba oṣù méjì nígbà òtútù. Ẹja òkun kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, lingcod, ń pàdánù nǹkan bí eyín 20 lójúmọ́, ó sì ń rọ́pò gbogbo wọn. Ẹja epìyà tí à ń jẹ náà wà nínú ìdílé àwọn tó ń pààrọ̀ eyín títí.

Àwọn tó wà lára ògiri ilé wa tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ọmọnílé ń pààrọ̀ eyín ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò dáadáa, leopard gecko, ń pààrọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù 3 sí 4. Alángbá ní tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí egungun àgbọ̀n pátápátá, wọn kì í bọ́, tuntun kì í sì í rọ́pò wọn. Bí àgbọ̀n bá ń gùn, ọ̀kan lè kún un lẹ́yìn. Díẹ̀ tó wà níwájú nìkan ló ń pààrọ̀. Agẹmọ tilẹ̀ le jù: kò ní èyí tó ń pààrọ̀ rárá, bí eyín rẹ̀ bá ti jẹ tán, eteetí egungun ló máa fi jẹun. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n sọ fún lọ́mọdé pé ká ju eyín tó bá ká sórí òrùlé, kí alángbá má sì rí i kí tuntun má baà kọ̀ láti hù. Alángbá gan-an ni ẹranko ilé tí eyín rẹ̀ kì í hù padà.

Ti ejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Paramọ́lẹ̀ àti àwọn olóró bíi tirẹ̀ ní eyín oró tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀wọ́ òmíràn sì tò sẹ́yìn rẹ̀ tó ń dàgbà lọ́wọ́. Ẹni tó bá yọ eyín oró ejò kò tíì sọ ọ́ di aláìléwu, torí èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àpò oró kò sì tíì kúrò.

## Ṣé òótọ́ ni pé eyín ọ̀yà àti ehoro kì í dúró?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì nìyẹn. Eyín iwájú èkúté, òkété, ọ̀yà àti ọ̀kẹ́rẹ́ kò ní gbòǹgbò tó ti ìdí. Ìdí eyín náà ṣí sílẹ̀ nínú àgbọ̀n, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń ṣe eyín tuntun lójoojúmọ́. Eyín iwájú èkúté ilé ń gùn ní nǹkan bí mílímítà 2 sí 3 lọ́sẹ̀. Lára ehoro, kì í ṣe ti iwájú nìkan, gbogbo eyín 28 tó ní ló ń gùn.

Iwájú eyín èkúté nìkan ni èèpo líle wà, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti ń rẹ́ nǹkan jẹ, ẹ̀yìn ń yára jẹ ju iwájú lọ, eyín náà sì ń pọ́n ara rẹ̀ bí irin mímú tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gbẹ́ igi. Àmọ́ ètò yìí gbára lé kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ máa pàdé. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́, tàbí tí àgbọ̀n bá wọ́ láti ìbí, tàbí tí ẹranko kò rí ohun líle jẹ, eyín á gùn kọjá ààlà, á ká bí ìwo, ó sì lè wọnú òkè ẹnu.

Àwọn tó ń sin ọ̀yà tàbí ehoro mọ ìyà tí èyí ń fà. Àmì tó kọ́kọ́ ń hàn ni pé ẹranko á sún mọ́ oúnjẹ ṣùgbọ́n á máa já a sílẹ̀, itọ́ á máa rin àgbọ̀n rẹ̀, á sì máa rù. Ọ̀yà tó bá ń jẹ kìkì oúnjẹ rírọ̀ nínú àgò ló sábà ń wọ èyí. Pòròpórò eésún, igi líle tàbí egungun gbígbẹ tí wọ́n bá jù sí i ló ń bá a dín eyín kù. Ehoro nílò koríko gígùn lójoojúmọ́, torí lílọ koríko láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ eyín ẹ̀yìn rẹ̀. Oúnjẹ oníhóró nìkan kò lè ṣe é, eyín ẹ̀yìn á yọ ṣóńṣó tó ń gé ahọ́n. Bó bá ti gùn jù, dókítà ẹranko ló yẹ kó fi ẹ̀rọ tó ń yí gé e. Ẹ má fi ẹ̀mú tàbí ohun ìgéèékánná gé e, torí eyín náà lè là gbọọrọ dé ìdí, kòkòrò àìsàn á sì wọ inú egungun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, bí àgbọ̀n bá wọ́, wọ́n á tún un gé.

## Erin ńkọ́?

Erin ló ń lo ọ̀nà kẹta. Ìran eyín ẹ̀yìn mẹ́fà ni erin ń ní ní apá kọ̀ọ̀kan àgbọ̀n, ọ̀tún àti òsì, lókè àti nísàlẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24. Kì í lo gbogbo wọn pọ̀. Eyín ńlá kan, tàbí ọ̀kan àti àbọ̀, ló ń ṣiṣẹ́ nígbà kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Tuntun ń ti ẹ̀yìn sún bọ̀ díẹ̀díẹ̀, iwájú ti àtijọ́ ń kán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìran kẹfà ló kẹ́yìn. Nígbà tí erin bá ti lé ní ẹni 60 ọdún, tí ìyẹn náà bá jẹ tán, kò ní lè lọ oúnjẹ mọ́, ebi ló sì máa pa á bí nǹkan mìíràn kò bá pa á.

Manatee, ẹranko ńlá inú omi tó wà ní àwọn odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan ti Nàìjíríà, ń sún eyín bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ní nǹkan bí mílímítà kan lóṣù, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò ní iye tó ń parí sí.

Eyín erin tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà, ọ̀tọ̀ ni. Eyín iwájú ni, ó sì ń gùn lọ ní gbogbo ayé erin. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ wà nínú egungun orí, pẹ̀lú iṣan tó ń mọ ìrora. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá ṣẹ́, ó lè gùn padà. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tìdítìdí, kò lè hù mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹran lọ́nà àìtọ́ fi ń pa erin kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀.

## Kí ló dé tí ènìyàn fi ní ìran méjì péré?

Kì í ṣe ènìyàn nìkan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko afọ́mọlọ́mú ló rí bẹ́ẹ̀: ajá ń ká eyín 28 kó tó ní 42, àwa ń ká 20 kí a tó ní 32. Àgùntàn náà ń ṣe é, ohun tí àwọn alágbò sì ń wò lẹ́nu àgbò kí Iléyá tó dé nìyẹn. Eyín iwájú mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ ń pààrọ̀ ní méjìméjì: méjì àkọ́kọ́ láàárín oṣù 12 sí 18, mẹ́rin ní nǹkan bí ọdún 2, mẹ́fà ní ọdún 3, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ọdún 4.

Àlàyé tí àwọn onímọ̀ gbà jù ní apá méjì. Èkíní ni ọmú. Ọmọ ẹranko tó ń mu ọmú kò nílò eyín nígbà tí orí rẹ̀ kéré jù, nítorí náà ìran eyín kan tó kéré àti ọ̀kan tó tóbi ti tó láti bá àgbọ̀n dọ́gba. Ọmọ ọ̀nì ń jẹ ẹran láti ọjọ́ tó bá jáde nínú ẹyin, àgbọ̀n rẹ̀ sì ń dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di dandan kí eyín máa tóbi bá a. Èkejì ni jíjẹ. Ọ̀nì ń fa ẹran ya, ó sì ń gbé e mì. Àwa ń lọ oúnjẹ. Kí lílọ tó lè ṣeé ṣe, òkè àti ìsàlẹ̀ eyín ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu bí ọmọ ọlọ àti ìyá ọlọ. Bí a bá ń pààrọ̀ wọn lọ́dọọdún, wọn ò ní bára mu láéláé.

Ìbéèrè mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn ń béèrè: ṣé oògùn náà á dí ihò eyín? Kò lè dí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe èèpo líle eyín ń kú nígbà tí eyín bá yọ lójú erìgì. Ti èkúté ń yè nítorí pé ìdí eyín rẹ̀ kò pa dé. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride lè tún ojú eyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ mú le, ṣùgbọ́n bí ihò bá ti là, dókítà eyín ló máa dí i.

## Kí ni àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn jiyàn lé lórí?

Takahashi gbà pé èéhù ìran kẹta wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, tó ń sùn. Ẹ̀rí tó ń tọ́ka sí ni àwọn tó ní eyín tó lé. Chengfei Zhang, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Hong Kong, ní ìmọ̀ náà jẹ́ ọ̀tun ṣùgbọ́n ó ní àríyànjiyàn nínú, pé ohun tó ṣiṣẹ́ lára ẹranko kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́ lára ènìyàn, àti pé a kò tíì mọ̀ bóyá eyín bẹ́ẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ àti ẹwà èyí tó ká. Angray Kang ní Queen Mary University of London ní tirẹ̀ rí i pé iṣẹ́ náà tọ́ sí ìtẹ̀síwájú, nítorí pé wọ́n ti ń lo àńtíbọ́dì tó ń dojú kọ èròjà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ USAG-1 fún àwọn tí egungun wọn ń rọ.

Ibi tí eyín náà máa hù sí tún jẹ́ ìjà mìíràn. Takahashi ní ojú ibi tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ sí lè darí rẹ̀ díẹ̀, bó bá sì hù síbi tí kò yẹ, wọ́n lè fi wáyà fà á tàbí kí wọ́n tú u gbìn síbòmíràn.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gba ọ̀nà bíréèkì yìí. Ní Tufts University ní Amẹ́ríkà, Weibo Zhang àti Pamela Yelick ń po sẹ́ẹ̀lì eyín ènìyàn pọ̀ mọ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì ti mú ohun tó jọ eyín dàgbà nínú àgbọ̀n ẹlẹ́dẹ̀. Ní King's College London, ẹgbẹ́ Ana Angelova Volponi kéde ní 2025 pé àwọn ti rí ohun rírọ̀ kan tí sẹ́ẹ̀lì lè wà nínú rẹ̀ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nínú oyún, láti bẹ̀rẹ̀ eyín nínú yàrá ìwádìí. Èyíkéyìí nínú méjèèjì kò tíì dé ẹnu ènìyàn.

## Kí ni kí ẹni tí eyín rẹ̀ yọ lónìí ṣe?

Bí ó bá ti pẹ́ tó ti ká, ohun tó wà nílẹ̀ ṣì ni eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ, èyí tí wọ́n fi so mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi irin gún mọ́ egungun. Ẹni tó bá ń dúró de 2030 kó mọ̀ pé egungun àgbọ̀n ń fà sẹ́yìn níbi tí eyín kò bá sí, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ sì ń dà sí àyè náà.

Bí ó bá jẹ́ pé ìṣubú tàbí bọ́ọ̀lù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a yọ odidi, tó sì jẹ́ eyín àgbà, ẹ dì í mú níbi tó funfun, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Bó bá dọ̀tí, ẹ fi omi tàbí mílíìkì ṣàn án fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ má fi ọṣẹ, kànìnkànìn tàbí aṣọ bó o. Ẹ fi padà sínú ihò rẹ̀, kí ẹni náà fi aṣọ mímọ́ há ẹnu mọ́ ọn, kó sì máa lọ bá dókítà eyín. Bí kò bá ṣeé fi padà, inú mílíìkì ni kó wà, kó má gbẹ. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60 ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lára gbòǹgbò ṣì lè yè tí egungun yóò fi gbà á padà.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Bó bá jẹ́ eyín àkọ́hù ló yọ, ẹ má dá a padà rárá. Èéhù ìran kejì wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an, títì í wọlé lè pa á lára, ìyẹn kò sì ní èyí tó máa rọ́pò rẹ̀.